Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìdin Inú Àgbàdo, Àfòpiná Rẹ̀, àti Iṣẹ́ Olùṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀-Ìperí

Bí ènìyàn bá wọ oko àgbàdo ní agbègbè Odèdá tàbí ní apá Alábàtà, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí àgbàdo ti hù, tí ó sì fi ọwọ́ la ewé àárín tí kò tí ì tú tán, kì í pẹ́ kí ó tó rí ohun kan tí ó dà bí ìyẹ̀fun pákó tí a bu omi sí. Ìgbẹ́ kòkòrò ni. Bí ó bá tún là á sí i, yóò bá ẹni tí ó ṣu ún nísàlẹ̀: ohun rírọ̀ kan tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé gbígbẹ tí ó fẹ́ dúdú, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láti orí dé ìdí. Bí a bá bi olóko léèrè ohun tí ó ń jẹ́, èsì tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé, "Kòkòrò ni, ọ̀gá. Kòkòrò tí ń jẹ àgbàdo ni."

Èsì yìí kò burú. Àgbẹ̀ tí ó fọ̀ ọ́ mọ ohun tí ó rí. Ohun tí ó ń jẹ, àsìkò tí ó ń jẹ ẹ́, àti àdánù tí yóò fà fún òun ni ó fi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, tàbí ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ tí a gbé ìwé ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ lé lọ́wọ́, "kòkòrò" kò tó mọ́. Kòkòrò ni eèrà, kòkòrò ni eṣinṣin, kòkòrò ni labalábá. Àní ohun tí ojú lásán kò lè rí tí ó ń fa àìsàn, àwọn oníṣègùn ti sọ òun náà di kòkòrò àrùn. Ọ̀rọ̀ tí ó ru ẹrù tó báyìí kò lè tọ́ka sí ẹ̀yà kan ṣoṣo. "Ìdin" sàn ju ìyẹn lọ, nítorí pé ó kúkú tọ́ka sí ọmọ kòkòrò tí kò tí ì ní ìyẹ́, tí ó ń fà, tí ó sì ń jẹun ṣáá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdin ara ẹran tí ó rà ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá gbọ́ ọ, òun ni ìwé yìí yóò máa lò.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wàhálà tí ó wà níbí ni pé ìdin kì í fi ilé rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ọmọ ewúrẹ́ jọ ewúrẹ́, òròmọdìẹ sì ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn; ṣùgbọ́n ìyá ìdin ti yé ẹyin ní òru, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ kí ọmọ tó là. Ọmọ náà kò jọ ọ́ ní orí, kò jọ ọ́ ní ẹsẹ̀, oúnjẹ wọn kò sì pọ̀. Láti mọ ẹni tí ó bí i, ọ̀nà tí ó dájú jù láti ayébáyé ni pé kí a mú un wálé, kí a máa bọ́ ọ, kí a sì dúró títí yóò fi di ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ́.

Àṣìṣe ọdún 2016

Kì í ṣe ọ̀ràn eré ọwọ́ ọmọdé ni èyí. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ìdin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba àgbàdo jẹ́ ní oko ìwádìí ti IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí a dá sílẹ̀ sí Ìbàdàn ní ọdún 1967. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n rí i rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìdin tí ilẹ̀ Áfíríkà ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, irú bíi Spodoptera exempta, tí ó máa ń yọ ní ọ̀wọ́ ní ọdún mìíràn, tí yóò sì máa rọ́ lọ lórí ilẹ̀ bí ọmọ ogun títí yóò fi jẹ koríko agbègbè kan tán. Àwọn ìdin àgbàdo yìí jọ ọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n nínú ètò orúkọ Látìnì, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ojú wọn jọ ara wọn.

Ohun tí ó yanjú ọ̀ràn náà ni pé a kó ìdin, a sìn wọ́n dàgbà, a wo àfòpiná tí ó jáde, a yẹ ẹ̀yà ìbísí akọ rẹ̀ wò, a sì tún ka DNA rẹ̀. Kì í ṣe ará ilé. Spodoptera frugiperda ni, ẹ̀yà tí ilé rẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Áfíríkà rí. Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, wọ́n sì fi hàn pé ó ti wà ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Togo àti ní erékùṣù São Tomé. Ẹ̀rí DNA fi yé wọn pé ó ṣeé ṣe kí ó ti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí ọdún 2018 tó parí, ó ti dé orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀ jù lọ ní gúúsù Sàhárà, ó sì ti dé Íńdíà. Ní ọdún 2019 ó wọ Ṣáínà, ní ọdún 2020 ó dé Ọsirélíà. Bí afẹ́fẹ́ bá ràn án lọ́wọ́, àfòpiná yìí lè fò tó 100 kìlómítà ní òru ọjọ́ kan. Ọ̀nà tí ó wà láàárín Ìkẹ́nnẹ́ àti Abẹ́òkúta kò tó bẹ́ẹ̀.

Àgbàdo fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà ni ó ti wá ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ìdin tí ó máa ń jẹ ẹ́ nílé ni ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wá lẹ́yìn tí a ti gbàgbé pé àlejò ni àgbàdo.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀yà méjèèjì kì í ṣe ti orúkọ nìkan. Èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹun ní gbangba, ó sì ń ṣí kúrò. Oògùn tí a bá fọ́n sí orí ewé lè bá a. Èyí tí ó jẹ́ àlejò ń sá pamọ́ sí inú ewé àárín, ìgbẹ́ ara rẹ̀ sì ń dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn lórí bí ìlẹ̀kùn. Bí ìdin bá ti dàgbà kí àgbẹ̀ tó fọ́n oògùn, owó oògùn náà ti ṣòfò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ irú oògùn ni kò ràn án mọ́. Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì yìí, àwọn ìdin mìíràn tún wà tí wọ́n ń lu inú pòròpórò, àwọn bíi Busseola fusca àti Sesamia calamistis; ọ̀nà tí a ń gbà dènà wọn tún yàtọ̀. Ìwé ìmọ̀ràn kan tí ó bá pe gbogbo wọn ní "kòkòrò àgbàdo" yóò mú kí àgbẹ̀ náwó oògùn ìdin kan lé ìdin mìíràn lórí.

Orúkọ tí ó ń ṣini lọ́nà

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí àlejò yìí ń jẹ́ ni fall armyworm. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, ọ̀fìn sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ògbufọ̀ tí kò bá rọra.

"Fall" ibẹ̀ kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ìṣubú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pe ìgbà ìwọ́wé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdin náà kò lè fara da òtútù apá àríwá ilẹ̀ wọn; láti gúúsù ni ó ti máa ń gòkè lọ lọ́dọọdún, ó sì máa ń di ìgbà ìwọ́wé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Abẹ́òkúta kò sí ìgbà ìwọ́wé. Òjò àkọ́rọ̀ àti òjò àrọ̀kúrò ni àgbẹ̀ mọ̀, àti ọ̀gbẹlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń dá oko àkùrọ̀ lẹ́bàá odò Ògùn. Ìdin náà kò sì yan àsìkò kan láàyò nínú wọn. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìdin ìgbà ìwọ́wé" ti gbé ojú ọjọ́ ilẹ̀ ibòmíràn wọ oko Ẹ̀gbá. Ẹni tí ó bá sì kọ "ìdin tí ń ṣubú" ti sọ ohun tí kò sí níbì kankan.

"Army" ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ó tọ́ sí exempta. Àlejò yìí máa ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nígbà mìíràn bí oúnjẹ bá tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń gbé nínú oko àgbàdo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a máa ń bá a nínú ewé, nítorí pé bí ìdin méjì tí ó ti dàgbà bá pàdé, ọ̀kan yóò jẹ èkejì. Àgbẹ̀ tí a bá sọ fún pé kí ó máa ṣọ́ "ìdin ológun" yóò máa retí ọ̀wọ́. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà nínú igi àgbàdo kọ̀ọ̀kan kò ní bà á lẹ́rù títí ìyẹ̀fun pákó yóò fi kún gbogbo oko.

Èyí tí ó burú jù ni "worm". Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ekòló inú ilẹ̀, aràn inú ikùn, ìdin inú àgbàdo, àti èyí tí ń pọ òwú sẹ́dà. Yorùbá kò da àwọn wọ̀nyí pọ̀ rárá. Aràn kì í hu ìyẹ́, ekòló kì í fò. Kí ògbufọ̀ tó kọ "aràn" sí ibi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti kọ "worm", ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí òun ń kọ nípa rẹ̀ yóò di àfòpiná lọ́la. Níbí yìí, èdè Yorùbá ti la ohun tí Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀, kò sì sí ìdí tí a ó fi tún un so.

Ìdin nínú ìgò

Sísin ìdin dàgbà kò gba irin-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí ó gbà ni sùúrù àti ìmọ́tótó. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é pẹ̀lú ìgò onílẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ kékeré, àwọ̀n apẹ̀fọn tí a fi dí ẹnu rẹ̀, àti ewé àgbàdo tútù. Ìdin kan ni a gbọ́dọ̀ fi sínú ìgò kan, nítorí ìwà tí a ti sọ lókè. Ẹni tí ó bá kó mẹ́wàá pọ̀ lálẹ́ lè jí bá mẹ́ta, yóò sì rò pé àwọn yòókù sá lọ ni. Ojoojúmọ́ ni a ó máa pààrọ̀ ewé, tí a ó sì máa gbọn ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, torí pé ewu ni ìgò tí ó bu. Kí ewé náà má sì jẹ́ èyí tí a ti fọ́n oògùn sí.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìgò yìí fún olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Ẹyin ni ó kọ́kọ́ wà: ìyá a máa yé wọn ní òṣùṣù, 100 sí 200 lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ bò wọ́n. "Òṣùṣù ẹyin" tọ́ gan-an fún èyí, kò sí ìdí láti wá òmíràn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹyin là. Ìdin tí ó jáde yóò bọ́ awọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ó tó dàgbà tán, bí ejò ṣe ń bọ́ tirẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ó ti wọ awọ mẹ́fà. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ Látìnì fún àsìkò tí ó wà láàárín bíbọ́ kan àti èkejì. Àwọn kan ti ń lo "ìpele" fún un ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ìpele ti pọ̀ jù ní ilé-ẹ̀kọ́: ìpele ẹ̀kọ́, ìpele iṣẹ́, ìpele owó oṣù. Ó sàn kí a kà á pẹ̀lú ohun tí ojú rí: awọ kìn-ín-ní, awọ kejì, títí dé awọ kẹfà, kí a sì pe ìdin tí ó wà ní àkókò kan ní "ìdin aláwọ-kẹta" tàbí "ìdin aláwọ-kẹfà". Àǹfààní rẹ̀ fún àgbẹ̀ náà hàn. Ìdin aláwọ-kejì ṣì wà lórí ewé, oògùn lè bá a. Aláwọ-karùn-ún ti wọ inú lọ.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ìdin náà á dẹ́kun oúnjẹ, á sì máa rìn káàkiri ìgò. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé àìsàn ni. Ilẹ̀ ni ó ń wá. Bí a bá ti dá iyanrìn tútù sínú ìgò tí ó jìn tó ìka mẹ́ta, yóò wọ inú rẹ̀, kì yóò sì jáde mọ́ ní àwọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Ó ti di ohun kan tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lẹ́nu, tí ó le, tí ó ń dán, tí ìdí rẹ̀ nìkan ń mì bí a bá fọwọ́ kàn án.

Kí ni kí á pè é? "Pupa" ni Látìnì, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bí Yorùbá náà bá gbà á, àwọ̀ ara rẹ̀ yóò dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé pupa gan-an ni àwọ̀ rẹ̀, ó pupa bí igi ìrókò tí a fi epo kùn. Olùkọ́ kan tí ó bá sọ fún kíláàsì pé "púpà náà pupa" yóò rí ẹ̀rín gbà ju ìmọ̀ lọ. Àmì ohùn nìkan ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, àmì ohùn náà sì ni ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé kọ́kọ́ máa ń jù nù. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìṣe rẹ̀ mu ni "asùnparadà": ó sùn, ó sì paradà. A ti ní "ìparadà" fún gbogbo ìyípadà láti ẹyin dé àfòpiná; asùnparadà jẹ́ ọmọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ọ̀kan yóò sì mọ èkejì. Ohun kan péré ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́: kí á má fi asùnparadà pe òwú tí àwọn ìdin mìíràn máa ń pọ yí ara wọn ká. Ilé ni ìyẹn, ẹni tí ó sùn sínú rẹ̀ sì ni èyí. Ìdin àgbàdo yìí kì í pọ òwú tí ó tó nǹkan; iyẹ̀pẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni ó máa ń lò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Kò dára kí á máa wú u láti wò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ tàbí òru ni àfòpiná ń jáde, pẹ̀lú ìyẹ́ kíká bí ewé tí oòrùn pa. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi gùn, kí ìyẹ́ náà lè tẹ́, kí ó sì gbẹ. Bí kò bá rí igi kékeré kan nínú ìgò, ìyẹ́ rẹ̀ yóò dàrú, a kò sì ní lè dá a mọ̀ mọ́. Akọ ní àbàwọ́n funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú. Ti abo ṣókùnkùn, kò sì ní àmì tí ó hàn tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì funfun bí fàdákà.

Nígbà mìíràn, ohun tí ó jáde kì í ṣe àfòpiná rárá. Agbọ́n kékeré tàbí eṣinṣin ni a ó bá nínú ìgò, pẹ̀lú òkú ìdin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ ní Ṣáínà rí agbọ́n tí ó ń gbé ìdin wọ ilé amọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rò pé ó ń ké pe ìdin náà pé kí ó jọ òun, kí ó jọ òun, títí ìdin fi di agbọ́n. A ti mọ̀ báyìí pé ìyá agbọ́n ni ó fi ọmọ tirẹ̀ sí ìdin náà lára, ọmọ náà sì jẹ ẹ́. Òǹṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yóò sáré mú "àfòmọ́" fún irú èyí. Àfòmọ́ ni orí igi ni ó kọ́kọ́ ni orúkọ náà, kí àwọn onímọ̀ èdè tó yá a fún mọ́fíìmù tí kò lè dá dúró. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ orí igi ń gbé pẹ̀lú igi tí ó lẹ̀ mọ́ ni, ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì lè fi jọ wà; agbọ́n yìí kò fi ẹni tí ó gbà á sílé sílẹ̀ láàyè. "Àfòmọ́-apani" sún mọ́ òtítọ́ ju àfòmọ́ lásán lọ. Kì í ṣe ohun tí a ó jù dànù bí ó bá yọ nínú ìgò, nítorí pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn, Telenomus remus, tí ó ń jẹ ẹyin àlejò yìí kí ó tó là, ni a rí ní Benin àti Niger, bí ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 ti sọ. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìyá tí a fi ọmọ pè

Maria Sibylla Merian, tí a bí ní Frankfurt ní Jámánì ní ọdún 1647, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìdin láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ní ọdún 1679 ó tẹ ìwé jáde nípa wọn. Ní ọdún 1699 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Surinam láti lọ sin ti ibẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí ìyẹn sì jáde ní ọdún 1705. Ohun tí obìnrin yìí ṣe tí ó yẹ kí ó jẹ àwọn olùṣe ìwé atúmọ̀ lógún ni pé ojú ewé kan náà ni ó ya ìdin, asùnparadà, àfòpiná àti ewé tí ìdin náà ń jẹ sí. Nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ìdin wà lábẹ́ "ì", àfòpiná wà lábẹ́ "à", kò sì sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì kò ní mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n.

Kí wá ni orúkọ tí a ó fún àlejò yìí? Bí a bá fi oúnjẹ rẹ̀ pè é, kò ní pẹ́ kí orúkọ náà tó já, nítorí pé irúgbìn tí ó ń jẹ ju 350 lọ, ọkà bàbà, ìrẹsì àti ìrèké wà lára wọn. Bí a bá fi ilẹ̀ tí ó ti wá pè é, ọmọ ọjọ́ iwájú tí a bí bá a nínú oko kò ní mọ ohun tí Amẹ́ríkà ń wá níbẹ̀. Ohun kan wà lójú rẹ̀ tí ó bá àṣà Yorùbá mu ju èyíkéyìí lọ. Ní iwájú orí ìdin tí ó ti dàgbà, ìlà funfun kan wà tí ó dà bí pàlàkà igi tí a dorí rẹ̀ kodò. Ilà ojú ni. Ní ayé àtijọ́, ilà ni a fi ń mọ ọmọ Ẹ̀gbá yàtọ̀ sí ọmọ ibòmíràn kí ó tó la ẹnu. "Ìdin onílà-pàlàkà" jẹ́ orúkọ tí àgbẹ̀ lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ nínú oko láìsí ẹ̀rọ. Kí a má tàn ara ẹni: àwọn ìbátan rẹ̀ kan ní ilà tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tiwọn kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a tún wo ìdí rẹ̀: lórí oríkèé ara kẹjọ nínú àwọn ti ikùn, àmì dúdú mẹ́rin wà tí wọ́n tò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilà lójú, àmì mẹ́rin nídìí. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, kò kù sí ibì kan.

Ẹnìkan lè wí pé orúkọ yìí kò bá àfòpiná mu, nítorí pé ìyá kò ní ilà kankan lójú. Òtítọ́ ni. J. E. Smith tí ó fún un ní orúkọ Látìnì ní ọdún 1797 kò sì ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé ìbàjẹ́ èso ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Obìnrin tí ó bá bímọ ní Ìtòkú tàbí ní Lafẹ́nwá, orúkọ ọmọ ni gbogbo àdúgbò yóò fi máa pè é: Ìyá Bọ́lá, Ìyá Ṣẹ́gun. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá ìyá jọ ọmọ. "Àfòpiná onílà-pàlàkà" túmọ̀ sí àfòpiná tí ó bí onílà-pàlàkà, ó sì tán. Ọ̀nà yìí ṣeé lò fún gbogbo àfòpiná tí ó jẹ́ pé ìdin rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀, tí wọn kò sì mọ òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, irú wọn ni ó pọ̀ jù.

Àpẹẹrẹ tí ó lágbára nínú irú èyí ni ekùkù. Ìdin tí a ń sun jẹ ni, tí ó ń gbé lọ́pọ̀ lórí igi arère, àwọn tí wọ́n sìn ín sì fi hàn pé Anaphe venata ni àfòpiná rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ń pọ òwú sányán tí àwọn ahunṣọ mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó ti wọ sányán rí pọ̀, ẹni tí ó rí àfòpiná rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 1993, Dókítà Bọ́lá Adámọlékùn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé àìsàn kan tí ń yọ lọ́dọọdún ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí ara ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ kì í sì gbé ènìyàn dúró, ń tẹ̀lé jíjẹ ìdin yìí. Ìwádìí lẹ́yìn náà rí èròjà kan nínú rẹ̀ tí ó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ìdin mìíràn wà tí àwọn Yorùbá ń jẹ, tí ó wà lórí igi ẹ̀mí, tí orúkọ Látìnì rẹ̀ ń jẹ́ Cirina forda. Ẹ̀yà mìíràn gbáà ni. Ìwé ìmọ̀ràn ìlera tí ó bá kọ pé "ẹ má ṣe jẹ ìdin ewé" ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí kò ṣẹ̀. Èyí tí ó bá kọ pé "kòkòrò kan wà" kò sọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ yìí wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ láti ṣe. Ìgbìdánwò tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní Modákẹ́kẹ́ ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè abínibí rẹ̀. Abẹ́òkúta, níbi tí Ìwé Ìròyìn ti jáde ní ọdún 1859, ti ní yunifásítì tirẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ọdún 1988. Oko kò sì jìnnà sí kíláàsì. Lára ìgò kọ̀ọ̀kan, kí a lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn: ọjọ́ tí a mú ìdin, oko tí a ti mú un, ewé tí ó ń jẹ, iye ọjọ́ tí ó lò ní awọ kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ tí olóko fi ẹnu ara rẹ̀ pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, kì í ṣe èyí tí olùkọ́ rò pé ó yẹ kí ó sọ. Bí àfòpiná bá jáde, abẹ́rẹ́ kan náà ni a ó fi gún òun àti ìwé náà pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí fèrèsé fún àwọn tí ó bá ṣẹ́kù nítorí àánú. Inú fìríìsà ni kí á kó wọn sí, torí pé abo kan lè yé ẹyin tí ó lé ní 1,000, oko aládùúgbò sì wà ní ìta.